Ta ló kó ẹran Everglades lọ? Ọ̀rọ̀ kan tó ní ọwọ́ kan ejò nínú

Láti ọdún 2025 ni fọ́tò ehoro kan ti ń káàkiri orí ẹ̀rọ ayélujára. Kì í jẹ koríko, ajá gbó títí kò sá, oòrùn ló sì ń fún un lágbára. Àwọn kan rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn: ìjọba wo ló ń ra ohun ìṣeré ọmọdé, tó ń kó o lọ sínú irà, tó sì ń ná nǹkan bíi dọ́là 4,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan? Àwọn mìíràn rò pé bọ́ǹbù ló wà nínú rẹ̀.

Kò sí bọ́ǹbù kankan níbẹ̀. Ehoro ẹ̀rọ ni, irà Everglades ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà ló wà, iṣẹ́ rẹ̀ ò sì ju kó tan òjòlá jáde kúrò níbi tó sá pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá owó náà gún régé láìkọ́kọ́ béèrè ohun tó ṣe ehoro ẹlẹ́mìí tó wà nínú irà yẹn tẹ́lẹ̀.

## Irú òjòlá wo nìyí, báwo ló sì ṣe dé Florida?

Òjòlá ilẹ̀ Burma ni wọ́n ń pè é. Gúúsù-ìlà-oòrùn Éṣíà ni ilé rẹ̀. Níbẹ̀, wọ́n ti pa á fún awọ àti ẹran débi pé ó ti wọ ìwé àwọn ẹranko tí wọ́n ń bẹ̀rù pé wọ́n lè pa run. Ejò kan náà tó ń di àwátì nílé ló wá di ìyọnu lẹ́yìn odi.

Kò lúwẹ̀ẹ́ wá. Àwọn tó ń ta ẹranko fún sísìn nínú ilé ló kó o wọ Amẹ́ríkà. Nígbà tó bá ṣì kéré, ó rẹwà lójú, ara rẹ̀ balẹ̀, kò sì gba àyè. Kí ọdún mélòó kan tó kọjá, ó ti gùn ju ẹni tó rà á lọ, odidi ehoro ló sì ń gbé mì lóúnjẹ. Nígbà tí apá àwọn kan kò ká a mọ́, wọ́n gbé e lọ sétí irà, wọ́n tú u sílẹ̀, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Irà yẹn ni Everglades, ilẹ̀ olómi gbalasa ní gúúsù Florida. Ọgbà ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú rẹ̀ nìkan fẹ̀ tó nǹkan bíi 6,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ọdún 1979 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn rí òjòlá níbẹ̀. Ìtàn tí ẹ óò gbọ́ jù ni ti ìjì líle Andrew, tó jà ní oṣù Kẹjọ ọdún 1992, tó sì wó ilé kan tí wọ́n ti ń sin ejò. Ìtàn náà dùn ún sọ, torí kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi: atẹ́gùn ló ṣe é. Àmọ́ ọdún mẹ́tàlá ti wà láàárín òjòlá àkọ́kọ́ àti ìjì Andrew. Ìjì náà lè ti bù kún iye wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló dá wọn sílẹ̀. Nígbà tó fi di ọdún 2000, wọ́n gbà pé ejò náà kì í ṣe àlejò mọ́: ó ti ń yé, ó ti ń pa, ó ti di onílé.

## Kí ni ẹ̀rí pé òjòlá ló jẹ ẹran ibẹ̀ tán?

Ibí yìí ni àríyànjiyàn pọ̀ sí jù, nítorí ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́ ni wọ́n ń kà.

Bí wọ́n ṣe kà á rèé. Ilẹ̀ á ṣú, olùwádìí á wọ ọkọ̀, á máa rọra wà á lọ lójú títì tó la irà já. Ẹranko yòówù tí iná ọkọ̀ bá tàn bá, ààyè ni o, òkú ni o, á kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1996 àti 1997 tí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ yìí, wọn kì í darí láìrí nǹkan kọ: raccoon, tí àwọ̀ dúdú yí ojú rẹ̀ ká bí ojú olè tó daṣọ bojú; opossum, tó ń gbé ọmọ sínú àpò lábẹ́ ikùn; àti ehoro irà, tó mọ omi wẹ̀ ju bí èèyàn ṣe lè rò lọ.

Láti ọdún 2003 sí 2011, ẹgbẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tí Michael Dorcas ṣáájú tún ọ̀nà náà tọ̀. Òru tó lé ní 300 ni wọ́n fi wakọ̀, ó sì tó nǹkan bíi 57,000 kìlómítà lápapọ̀. Nínú raccoon 100 tí wọn ì bá rí láyé àtijọ́, wọn ò rí tó ẹyọ kan: ìdá 99.3 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti dín. Opossum dín ní ìdá 98.9. Ológbò igbó tí wọ́n ń pè ní bobcat dín ní ìdá 87.5. Ti ehoro àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kò tiẹ̀ ṣeé ṣírò, torí wọn ò rí ẹyọ kan.

Ìwádìí náà jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2012, ariwo sì ta. Lójú tèmi, kì í ṣe àwọn iye yẹn ló lágbára jù nínú rẹ̀, bí kò ṣe àwòrán ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn. Níbi tí òjòlá ti pẹ́, irà dákẹ́. Níbi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀, ẹranko ṣì kù. Níbi tí kò tíì dé, wọ́n wà bí wọ́n ṣe wà.

Àwọn tí kò gbà sì ní ohun tí wọ́n rí sọ. Wọ́n ní ẹran tó ń gba ojú títì kọjá kọ́ ni gbogbo ẹran tó wà nínú igbó. Wọ́n ní ọdún méjì péré kò tó láti fi mọ bí nǹkan ṣe rí tẹ́lẹ̀, torí ó ṣeé ṣe kí ẹran ti máa dín kù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Èyí tó wúwo jù ni pé Everglades fúnra rẹ̀ kò gbádùn. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń gbẹ́ ojú omi níbẹ̀, tí wọ́n ń darí omi gba oko àti ìlú. Ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń kún nígbà tí kò yẹ, tó sì ń gbẹ nígbà tí kò yẹ, lè fúnra rẹ̀ lé ẹran lọ. Wọ́n tún dárúkọ àrùn. Àtakò yìí kì í ṣe ẹ̀tàn: pé ejò pọ̀ sí i, ẹran sì dín kù, kò tíì sọ ẹni tó pa ẹran.

Ìdí nìyẹn tí Robert McCleery ti Yunifásítì Florida àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi gbé ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n mú ehoro irà láàyè, wọ́n so rédíò kékeré mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n sì tú u sílẹ̀ nínú Everglades, níbi tí ehoro ti tán. Wọ́n ń ṣọ́ àwọn ehoro mìíràn níbi tí òjòlá kò sí. Ní àkókò òtútù, ehoro wọ̀nyí ṣe ohun tí ehoro ń ṣe: wọ́n jẹ koríko, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi pé àwọn alátakò ló jàre. Ìgbà tí ooru dé ni nǹkan yí padà. Olùwádìí á máa tọ ohùn rédíò lọ nínú koríko gíga, á ní òkú ehoro lòun ń wá, á wá bá ejò tó ká jọ jẹ́ẹ́, tí ohùn náà ń ti inú ikùn rẹ̀ wá.

Kí ọdún tó yí po, òjòlá ló pa ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ehoro tó kú nínú ọgbà náà. Níbi tí òjòlá kò sí, ehoro kú níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n àwọn ẹranko afọ́mọlọ́mú tó ń jẹ ẹran, tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ onílẹ̀, ló pa èyí tó pọ̀ jù. Èsì yìí jáde ní ọdún 2015. Kò pa gbogbo ẹnu mọ́, ọ̀rọ̀ omi ṣì wà nílẹ̀, àwọn olùwádìí sì ń bá a lọ láti wò bí ti omi àti ti ejò ṣe ń ran ara wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ọwọ́ òjòlá mọ́ ní iṣẹ́ púpọ̀ níwájú.

## Kí ló dé tí àwọn ẹranko náà kò sá?

Wọn ò mọ ẹni tí wọ́n ń sá fún. Ejò tó gùn jù nínú àwọn ọmọ onílẹ̀ Florida, èyí tí wọ́n ń pè ní indigo, kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ lọ. Ìran ehoro àti raccoon ibẹ̀ kò bá ejò tó lè gbé àgbọ̀nrín mì pàdé rí. Òjòlá ní tiẹ̀ kì í lé ẹran. Ibi tí ẹran ń gbà ló ń lọ dùbúlẹ̀ sí, létí omi tàbí nínú omi gan-an, á sì dúró. Bó bá jẹun tán, ó lè fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ sinmi. Oúnjẹ tí ẹranko ẹlẹ́jẹ̀ gbígbóná tó tóbi tó o ń jẹ lọ́sẹ̀ díẹ̀ lè gbé e fún oṣù mélòó kan. Nítorí náà, bí ehoro tilẹ̀ wọ́n, ebi kò lé òjòlá kúrò nílẹ̀. Irú ẹranko tí wọ́n ti bá nínú ikùn rẹ̀ ní Florida lé ní 70, èyí tó bá ṣáà wá ló máa jẹ.

Ní ti ìtóbi, èyí tó gùn jù tí wọ́n tíì mú níbẹ̀ gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 19, ní oṣù Keje ọdún 2023. Èyí tó wúwo jù tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 2022 wọn pọ́ùn 215, abo ni, ẹyin 122 ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì bá pátákò àgbọ̀nrín nínú ìfun rẹ̀.

## Ṣé gbogbo ẹran kékeré ló pòórá?

Rárá o. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìròyìn ti ń ṣì í. Àwọn tó tóbi díẹ̀, tí kì í bímọ kíákíá, ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Eku ń bí, ó tún ń bí, kí ejò tó gbé ọ̀kan mì, ọmọ mẹ́fà ti dáhùn. Eku kan tí wọ́n ń pè ní cotton rat wà nínú irà náà dáadáa títí di òní.

Ṣùgbọ́n pé eku kù nígbà tí àwọn yòókù lọ ní ohun tó ń fà lẹ́yìn. Ẹ̀fọn kan wà níbẹ̀, Culex cedecei lorúkọ rẹ̀, tó máa ń mu ẹ̀jẹ̀ oríṣiríṣi ẹranko. Nígbà tí wọ́n yẹ ikùn rẹ̀ wò ní ọdún 1979, ìdá 14.7 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ ló jẹ́ ti cotton rat. Ní ọdún 2016, ó ti di ìdá 76.8. Raccoon àti àgbọ̀nrín tí ẹ̀fọn ń mu tẹ́lẹ̀ kò sí níkàlẹ̀ mọ́, ó bá kọjú sí eku. Eku yìí gan-an ló sì ń gbé fáírọ́ọ̀sì kan pamọ́ sára, tí wọ́n ń pè ní fáírọ́ọ̀sì Everglades, tó lè fa ibà fún èèyàn, tó sì lè mú kí ọpọlọ wú. Ẹ má gbọ́ ọ gbà bíi pé àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀; ohun tí ìwádìí náà sọ ni pé ọ̀nà tí fáírọ́ọ̀sì ń gbà rìn láàárín eku àti ẹ̀fọn ti là ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Èrè àwọn kan sì wà nínú rẹ̀. Raccoon ló máa ń hú ẹyin alábahun omi jẹ. Nígbà tí raccoon kò sí mọ́, àwọn ẹyin tí olùwádìí rì mọ́lẹ̀ dánwò ń pẹ́ kí wọ́n tó rí ẹni jẹ wọ́n.

Ọ̀rọ̀ tún wá yàtọ̀ ní Key Largo, erékùṣù tó wà ní ìsàlẹ̀ ìpínlẹ̀ náà. Eku igi kan wà níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn láyé, tó ń kó ẹ̀ka gbígbẹ jọ gègèrè fi ṣe ilé. Láti ọdún 1984 ló ti wà lábẹ́ òfin ààbò ìjọba àpapọ̀, nítorí ilé tí àwọn èèyàn ń kọ́ ti gba ilẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní ọdún 2007 wọ́n mú òjòlá kan ní erékùṣù náà, wọ́n là á, wọ́n sì bá eku yìí nínú rẹ̀. Bí cotton rat bá bọ́ nínú ewu nítorí pé ó pọ̀, èyí kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀.

Key Largo yìí náà ni àwọn olùwádìí tó ń so ẹ̀rọ mọ́ opossum àti raccoon lọ́rùn, láti mọ bí wọ́n ṣe ń rìn, ti rí ohun tí wọn ò wá. Ní ọdún 2022, ẹ̀rọ ọrùn opossum kan fi àmì ránṣẹ́ pé ẹranko náà ti kú. Nígbà tó ṣe, òkú bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Wọ́n tọ̀ ọ́ lọ sínú ihò abẹ́ òkúta, wọ́n sì fa òjòlá kan tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12 jáde, tòun ti opossum nínú.

## Kí ló dé tí wọn kò fi lè pa ejò náà tán?

Pípa rẹ̀ kò le. Rírí i ni kò ṣeé ṣe. Àwọ̀ rẹ̀ bá koríko irà mu débi pé èèyàn lè dúró tì í kó má rí i. Àwọn onímọ̀ ṣírò ọ̀rọ̀ yìí: bí òjòlá kan bá wà níbi tí o ti ń wá a, àǹfààní pé o máa rí i kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyí tí kò fi sí ẹni tó lè sọ ní pàtó iye tó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí iye kan tí wọ́n kọ gàdàgbà lórí fọ́tò, ìfojúbù ni.

Florida kò káwọ́ gbera. Láti ọdún 2017, wọ́n ti ń gba àwọn ọdẹ síṣẹ́, wọ́n ń san owó wákàtí fún wọn, wọ́n sì ń fi owó kún un gẹ́gẹ́ bí gígùn ejò bá ṣe rí: dọ́là 50 fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àkọ́kọ́, dọ́là 25 fún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan tó bá lé. Ìdíje ọdẹ òjòlá tún wà. Ti àkọ́kọ́, ní ọdún 2013, òjòlá 68 ni wọ́n pa. Ti ọdún 2025, 294 ni. Àwọn kan fi èyí sọ pé ejò ń pọ̀ sí i, àwọn kan ní ó ti ń tán lọ. Ìdíje kò lè sọ èyíkéyìí nínú méjèèjì, torí iye ọdẹ, ìmọ̀ wọn àti ọjọ́ tí wọ́n fi ṣọdẹ kò dọ́gba láti ọdún dé ọdún. Lápapọ̀, iye òjòlá tí wọ́n ti kó kúrò láti ọdún 2000 lé ní 23,000.

Ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù ìpínlẹ̀ náà, ẹgbẹ́ kan gba ọ̀nà àrékérekè. Wọ́n gbé rédíò sínú ara akọ òjòlá, wọ́n tú u sílẹ̀ lásìkò tí akọ àti abo ń gun ara wọn, akọ á sì mú wọn lọ tààrà sọ́dọ̀ abo tó lóyún ẹyin. Bí wọ́n ṣe rí oní-pọ́ùn 215 yẹn nìyẹn.

Òtútù nìkan ló tíì fojú òjòlá rí màbo. Ní oṣù Kìíní ọdún 2010, òtútù kan mú tó pa mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tí wọ́n so rédíò mọ́. Ìwọ̀nba tó kù tó láti tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àjọ ìwádìí ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀, USGS, kó gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ jọ ní ọdún 2023, wọn ò fi bò: pẹ̀lú irinṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ báyìí, kò jọ pé wọ́n lè pa á run ní gúúsù Florida. Ohun tí wọ́n ń lé ni kó má kọjá ibi tó dé, kó sì dín kù níbi tó ti ṣèbàjẹ́ jù.

## Ta ló ń bá ta jà lórí òfin?

Ní oṣù Kìíní ọdún 2012 kan náà, ìjọba àpapọ̀ fi òjòlá yìí sínú àwọn ẹranko aṣèpalára lábẹ́ òfin Lacey: kò gbọdọ̀ ti òkèèrè wọlé mọ́, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ ti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin ejò, USARK, gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n ní Florida nìkan ló gbóná tó, kí ló dé tí ẹni tó ń sin ejò níbi tí yìnyín ti ń bọ́ yóò fi jìyà ẹ̀ṣẹ̀ irà tí kò dé rí? Ní ọdún 2017 ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá wọn láre lápá kan: òfin náà kò de kíkó ẹranko láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbalasa. Kíkó wọn wọlé láti òkèèrè ṣì jẹ́ èèwọ̀. Florida ní tiẹ̀ tún fi okùn náà le sí i ní ọdún 2021, ó fi òjòlá yìí àti àwọn ẹranko afàyàfà mìíràn, 16 lápapọ̀, sínú èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sìn fún fàájì tàbí tà.

Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ẹranko náà ní ẹjọ́ tiwọn. Wọn ò sọ pé kí òjòlá máa gbé níbẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pa á ni wọ́n ń bá jà, torí ejò tí wọ́n gé lórí kì í kú lójú ẹsẹ̀. Òfin ìdíje náà ní kí wọ́n mú kó dákú pátá kí wọ́n tó ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́.

## Ehoro ẹ̀rọ náà wá ńkọ́?

McCleery tó so rédíò mọ́ ehoro lọ́rùn ló tún wà nídìí èyí, pẹ̀lú àjọ tó ń bójú tó omi gúúsù Florida, tó ń san owó rẹ̀. Ehoro ẹlẹ́mìí ni wọ́n kọ́kọ́ lò: wọ́n fi í sínú àhámọ́ tí ejò kò lè wọ̀, òjòlá sì ń wá a wá. Ṣùgbọ́n ehoro ẹlẹ́mìí ń jẹ, ó ń mu, ó sì ń fẹ́ ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ láàárín irà.

Wọ́n bá ra ehoro ìṣeré, wọ́n kó òwú inú rẹ̀ dànù, wọ́n sì fi ẹ̀rọ rọ́pò rẹ̀: èyí tó ń mú un mì, èyí tó ń mú un gbóná bí ara ẹran. Kámẹ́rà ń ṣọ́ ọ. Bí òjòlá bá yọjú, àmì á dé, wọ́n á sì rán ọdẹ tó bá súnmọ́ ibẹ̀ jù lọ. Ehoro náà kì í pa ejò. 120 ni wọ́n gbé jáde nígbà ooru ọdún 2025, gẹ́gẹ́ bí ìdánwò.

Ohun tí ìdánwò náà fẹ́ mọ̀ ni bóyá ooru àti ìmìra nìkan tó láti tan ejò tó mọ ohun tó ń jẹ. Bí kò bá tó, òórùn ehoro ni wọ́n ní àwọn máa fi kún un.